Ohun tí Olólùfẹ́ Màmá Mọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kò jẹ́ kí Màmá Hùmúàní gbé búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ mì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn: lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn.

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó tún un fi sójú. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Olólùfẹ́ Màmá ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ bulọ́ọ̀gì rẹ̀: "Màmá wa, ẹ bá wa kìlọ̀ fún Ìyá Aláta o. Ooru máa ń tètè pa bátìrì tó bá wà lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn." Hùmúàní fúnra rẹ̀ sì ti dá a lóhùn: "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá ẹ lọ́lá." Ó tilẹ̀ fi òdòdó pupa méjì sí i.

Bátìrì mẹ́rin ọ̀hún ni wọ́n jí lọ́jọ́rú. Abdulkabir mẹ̀gáàdì ni wọ́n tì mọ́lé nítorí rẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì ló ń sùn ní tèṣàn láti ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá sì ti ní tó bá di Mọ́ńdè, ó di ilé ẹjọ́. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí i fún wọn ni Màmá Hùmúàní.

Ó gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀. Ṣé òun kọ ọ́ síbì kan pé abẹ́ àtẹ̀gùn ni bátìrì wà? Kò kọ ọ́. Òun alára kò mọ̀ ọ́n.

*

Tí a bá ń wí i, ká wí i tán. Hùmúàní kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wọ aṣọ ọlọ́pàá, sájẹ́ńtì ni nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí òpùrọ́ tó máa purọ́ fún un tí kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tó wá di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí kò rí ẹni tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò mọ́ bí kò ṣe adìyẹ ilé, ni ọmọ ọmọ rẹ̀ Fadékẹ́ bá ṣí bulọ́ọ̀gì fún un, ó pè é ní Ojú Fèrèsé. Òfin mẹ́ta ló fún un. Kó máa kọ̀wé ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, òjò ìbáà rọ̀, orúnkún ìbáà máa ro ó. Kó máa pààrọ̀ orúkọ àwọn èèyàn. Kó sì máa dá gbogbo òǹkàwé tó bá bá a sọ̀rọ̀ lóhùn, nítorí òǹkàwé tí a kò dá lóhùn kì í padà wá.

Hùmúàní gba òfin yìí bí ẹni gba ẹ̀sìn. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, á fi fóònù ti agolo Mílò, á máa fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ó fi okùn so ìwé jọ́tà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ọ̀rọ̀ tó bá wá bá a lójú oorun má baà sá lọ. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún le ju bó ṣe rò lọ. Lọ́jọ́ kan ọ̀rọ̀ á ya bí ìgbẹ́ gbuuru. Lọ́jọ́ kejì á há bí ìgbẹ́ ẹni tó jẹ gúáfà yó. Lọ́jọ́ tó bá há bẹ́ẹ̀, tí aago mẹ́fà ti lù, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, á gbójú sókè, á wo ìta. Ohun tó bá rí ni yóò kọ. Ohun tó sì máa ń rí kò ju ilé Màríyámọ̀ lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́mọ́jọ́, tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì títì gan-an ní Ìkòsì.

Màríyámọ̀ máa ń ra ata àti tòmátì lápẹ̀rẹ̀ lápẹ̀rẹ̀ ní Máìlì Méjìlá, á lọ̀ ọ́, á dì í sínú ọ̀rá, á kó o sínú fíríìsà mẹ́ta de àwọn tó ń se oúnjẹ òde. Iná sólà ló ń gbé fíríìsà wọ̀nyí. Lójú bulọ́ọ̀gì, Ìyá Aláta ni Hùmúàní ń pè é. Ó pààrọ̀ orúkọ bí Fadékẹ́ ṣe wí. Kò pààrọ̀ nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́rú tí à ń wí yìí, Màríyámọ̀ lọ ṣe àdúà ogójì ọjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣàgámù. Nígbà tó máa dé, omi pupa ti ń ṣàn láti abẹ́ fíríìsà bọ̀ wá sí pálọ̀ bí ẹni pé wọ́n pa màlúù síbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín rẹ̀, ó ń sunkún. Ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ọlọ́pàá gùn ní ara Hùmúàní.

"Olè yìí mọ ohun mẹ́ta," ló wí fún àwọn tó wá láti tèṣàn, bíi tíṣà tó dúró níwájú kíláàsì. Ó mọ̀ pé Màríyámọ̀ kò ní sí nílé lọ́jọ́rú. Ó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn onírin ilé ìdáná wà lọ́dọ̀ wẹ́dà, pé pákó lásán ni wọ́n fi dí ojú rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé tí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, Abdulkabir á fi géètì sílẹ̀, á lọ jẹ búrẹ́dì àti ẹyin lọ́dọ̀ aláṣáì fún odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ta ló mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Wẹ́dà mọ ọ̀kan. Aláṣáì mọ ọ̀kan. Àwọn ará Ṣàgámù mọ ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sí lọ́wọ́.

Ojú fèrèsé rẹ̀ náà ló ti ya fọ́tò Abdulkabir nígbà tí wọ́n ń tì í wọ ọkọ̀. Ọjọ́ kejì jẹ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ ìwé kíkọ, ọ̀rọ̀ sì ya wá. Ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Ológbò Ló Ń Ṣọ́ Ẹja", ó fi fọ́tò sókè rẹ̀, ojú ọkùnrin náà ṣí gbangba. Èèyàn bí igba ló máa ń ka Ojú Fèrèsé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè, àwọn tó ka èyí ti wọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, wọ́n sì ti ń pín in kiri orí Wásáàpù. Hùmúàní ń ṣí i wò ní wákàtí wákàtí bí aboyún tó ń fọwọ́ pa ikùn.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, ohun tí yóò kọ ní Mọ́ńdè ló ń wá. Ó ní kí òun ṣa ọ̀rọ̀ dídùn tí àwọn òǹkàwé ti ń kọ sí òun jọ, kí òun fi ṣe ìwé ọjọ́ náà. Níbi tó ti ń ṣa ìyìn ara rẹ̀ jọ ló ti kan àtẹ̀gùn.

*

Màríyámọ̀ ń fọ fíríìsà tó ṣófo nígbà tí Hùmúàní wọlé. Òórùn ata kíkan ṣì gba gbogbo ilé.

"Ìyá Mojeed," ni Hùmúàní pè é, "ibo gan-an ni bátìrì wọ̀nyẹn wà?"

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, Sájẹ́ńtì. Níbo lo ti máa mọ̀ ọ́n? O kì í kọjá pálọ̀. Ìdí ẹ ò lè gba ibẹ̀."

Hùmúàní ì bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn, nítorí òótọ́ ni. Àga onírọ́bà mẹ́ta ló ti dá lábẹ́ ìdí náà láti ọdún tó kọjá. Lónìí kò rẹ́rìn-ín.

"Abdulkabir ńkọ́? Ṣé ó mọ ibẹ̀?"

Màríyámọ̀ gbé ọwọ́ kúrò nínú ọṣẹ. "Abdulkabir kò fi ẹsẹ̀ kan wọ ilé mi rí. Ọdún mẹ́fà rèé. Géètì ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún un. Ó ní òun ò ní wọ ilé opó, kí ayé má baà sọ̀rọ̀ sí mi."

"O ò sọ èyí fún mi lọ́jọ́rú."

"O bi mí ni? Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́rú."

Hùmúàní rìn láti ẹnu ìlẹ̀kùn ilé ìdáná lọ sí ìdí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Tẹlifísàn ńlá wà lára ògiri, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Yàrá Màríyámọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò. Olè tó wọlé tí kò wo tẹlifísàn ní ojú kan, ó mọ ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́rú, Hùmúàní ti rí tẹlifísàn yìí, ó sì ti fi ṣe ẹ̀rí pé ará ilé ló jalè. Kò bi ara rẹ̀ pé irú ará ilé wo.

Ó bi Màríyámọ̀ pé ta ló ti dé abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn rí. Èyí kò gba ìrònú. Àwọn onísólà tó gbé bátìrì síbẹ̀ ni, Ọlánípẹ̀kun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kò tún sí ẹlòmíràn.

*

Ṣọ́ọ̀bù Ọlánípẹ̀kun wà ní Kétu. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Ojú ọ̀nà ni Hùmúàní ti dá a lẹ́bi tán. Ẹni tó ta bátìrì fúnni ló mọ iye tí ẹlòmíràn yóò rà á, òun ló sì mọ bí a ṣe ń tú u láì jẹ́ kó gbaná.

"Mummy, ẹ káàbọ̀," ni Ọlánípẹ̀kun wí, kò dìde. "Ṣé èmi ló kàn tí ẹ máa gbé sí bulọ́ọ̀gì ní Mọ́ńdè?"

"Níbo lo wà lọ́jọ́rú?"

"Orí òrùlé. Ní Mende. Láti aago méje títí di mẹ́rin." Ó ti ń yẹ fóònù rẹ̀ wò. Ó fi fọ́tò hàn án: òun rèé lórí páànù, ọmọ iṣẹ́ méjì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oòrùn rèé lórí wọn. Hùmúàní gba nọ́ńbà onílé náà, ó pè é lójú ẹsẹ̀. Onílé ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò kúrò lórí òrùlé òun, òun lòun gbé ìrẹsì gun àkàbà fún wọn.

Ọ̀nà yẹn dí. Hùmúàní bi í pé ṣé àwọn méjì yìí nìkan ló bá a ṣe iṣẹ́ ilé Màríyámọ̀.

"Àwọn mẹ́ta ni. Bánjí ti lọ. Iṣẹ́ ò pọ̀ mọ́, mo ní kó ṣì máa wá nǹkan ṣe. Ọmọ dáadáa ni o, mi ò fẹ́ kí ẹ lọ yà á ní fọ́tò."

Ó ní òun kò mọ ilé rẹ̀. Ìgbà gbogbo ni ọmọ náà ń sọ pé òun ń kó lọ, òun ń kó bọ̀. Ọlánípẹ̀kun wá na ìka sí Hùmúàní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

"Mummy, mo ka ìwé yín ti Tọ́sìdeè. Ẹ ní olè yẹn mọ ohun mẹ́ta. Ká ní Bánjí ni. Ó mọ abẹ́ àtẹ̀gùn, òótọ́. Ta ló sọ fún un pé Alhaja ń lọ Ṣàgámù? Ta ló sọ fún un pé ìlẹ̀kùn wà lọ́dọ̀ wẹ́dà? Ọmọ yẹn ò dé Ìkòsì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn."

Hùmúàní tún ìró rẹ̀ ró. Ó dúpẹ́, ó jáde.

*

Ìta ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn kò tíì ṣí ló jókòó sí. Ó mú fóònù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ara rẹ̀ bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń ka ìwé ẹlòmíràn.

Mọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ ìgbẹ́ gúáfà ni. Ó ti wo ìta, ó rí Abdulkabir tó ń lọ jẹun, ó sì kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá ní aago, kó máa wo ikùn mẹ̀gáàdì Ìyá Aláta, nítorí láago mẹ́wàá géérégé, ikùn náà á gbé e kúrò nídìí géètì, kò sì ní dá a padà títí di mẹ́wàá ààbọ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín gan-an sí i.

Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e. Ìlẹ̀kùn onírin ilé ìdáná Ìyá Aláta ti jẹrà, wẹ́dà ti gbé e lọ, pákó ìdí àpótí tòmátì ni wọ́n fi dí i, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ bí aṣọ. Ó ti kọ ọ́ pé kí àwọn wẹ́dà Ìkòsì bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ìkẹta kò sí nínú ìwé. Abẹ́ rẹ̀ ló wà. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yìí, Olólùfẹ́ Màmá bèèrè pé, "Màmá, mo fẹ́ wá ra ata lọ́wọ́ Ìyá Aláta lọ́jọ́rú, ṣé màá bá wọn nílé?" Òun sì dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú: "Rárá o, ọmọ mi, wọ́n ń lọ Ṣàgámù lọ́jọ́rú, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó dé. Wá ní Tọ́sìdeè."

Ẹni méjì ló mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Hùmúàní ti ka gbogbo àdúgbò tán, ó gbàgbé láti ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Abdulkabir mọ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Òun mọ̀, ó sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ẹ̀rín kékeré kan báyìí. Lẹ́yìn náà ó wo ibì kan lójú fóònù. Ibi tí a ti ń pa nǹkan rẹ́ ni. Tí ó bá tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ìlẹ̀kùn onírin á lọ, aago mẹ́wàá á lọ, Ṣàgámù á lọ. Àtẹ̀gùn náà á sì lọ pẹ̀lú wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló lè tú okùn lọ́rùn Abdulkabir. Ìka rẹ̀ dúró lókè ibẹ̀ títí ojú fóònù fi ṣókùnkùn fúnra rẹ̀.

Kò tẹ̀ ẹ́. Kí a má purọ́, kò jìnnà sí i.

Ó wá tẹ̀ lé orúkọ Olólùfẹ́ Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ tó mọ́kànlélógún. Ìyìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan kì í ṣe ìyìn. Nígbà òjò ló kọ ọ́: "Màmá, omi ti wọ yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Orí tábìlì ni mo wà tí mò ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ pa mí lẹ́rìn-ín lónìí." Hùmúàní ti ṣe àdúà gígùn fún un lábẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ ti sunkún díẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ajégúnlẹ̀ ti ìhà Òwódé Onírin lèyí, níbi tí odò ti máa ń wá kí èèyàn nínú yàrá. Ó padà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Ọlánípẹ̀kun rántí dáadáa: nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, èwo ni kì í wá síbi iṣẹ́ tí òjò bá rọ̀ púpọ̀ lóru?

"Bánjí," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Á ní omi ti gbé bàtà òun lọ."

Hùmúàní pe Ìnsípẹ́tọ̀ Elkanah.

*

Elkanah ti fi ìgbà kan jẹ́ ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Hùmúàní ló kọ́ ọ bí a ṣe ń so okùn bàtà ọlọ́pàá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n rí Bánjí ní Ajégúnlẹ̀. Bátìrì méjì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó fi búlọ́ọ̀kù gbé wọn sókè kí omi má baà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì fi aṣọ bò wọ́n bí ọmọ tuntun. Déètì tí Ọlánípẹ̀kun máa ń fi ọ̀dà funfun kọ sí ìdí bátìrì ṣì wà níbẹ̀. Méjì yòókù ti di títà.

Ọmọ náà kò sá, kò jà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ tónítóní, irú ọmọ tí ìyá èèyàn máa ń fẹ́ kéèyàn bá rìn. Elkanah gbà kí Hùmúàní bá a sọ̀rọ̀ ní tèṣàn.

"Ṣé o mọ̀ mí?"

"Ẹ̀yin ni Màmá Ojú Fèrèsé."

"Ìwọ ni Olólùfẹ́ Màmá?"

Bánjí wo ilẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Láti ìgbà wo lo ti ń ṣọ́ ilé yẹn?"

"Mi ò ṣọ́ ọ, mà. Ẹ̀yin lẹ bá mi ṣọ́ ọ."

Elkanah bú mọ́ ọn. Hùmúàní gbé ọwọ́ sókè pé kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bánjí sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò fi ìbínú sí i. Ó ní nígbà tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ òun, Ojú Fèrèsé lòun ń kà láti fi gbàgbé ebi. Ọjọ́ tó pẹ́ lòun ti mọ̀ pé Ìyá Aláta ni Alhaja tí òun gbé bátìrì lọ fún. Kò sí nǹkan kan lọ́kàn òun. Mẹ̀gáàdì lọ jẹun, òun rẹ́rìn-ín. Ìlẹ̀kùn jẹrà, òun rẹ́rìn-ín. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, òun jí, òun rí i pé gbogbo rẹ̀ ti pé, pé ọjọ́ nìkan ló kù.

"Mo wá bèèrè ọjọ́. Ká ní ẹ ò dá mi lóhùn, ǹ bá má lọ, mà."

"Nígbà tí o rí fọ́tò Abdulkabir ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni omi ti lé sí ojú ọmọ náà. "Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kì í ṣe bàbá yẹn. Mo kọ ọ́ tán, mo pa á rẹ́."

Hùmúàní kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó mọ bí ìka ṣe máa ń dúró lókè ibẹ̀.

*

Elkanah mú Hùmúàní lọ sí kọ̀rọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ẹjọ́ ti tán. Ọmọ yìí mọ ilé, ó jí bátìrì, wọ́n ká a mọ́ ọn. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọdọ̀ dárúkọ bulọ́ọ̀gì kankan nínú sítétímẹ́ǹtì. "Ojú yín ni mò ń bò, Màmá. Ẹ̀yin lẹ mú olè. Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀."

Hùmúàní mi orí pé ó dára. Ìtura sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ bí omi tútù lójú àwẹ̀. Elkanah ti jókòó, ó ti kọ ìlà méjì, kí ìtura náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń gbọ́ òórùn yẹn lára àwọn ẹlòmíràn.

"Elkanah, kọ ọ́ síbẹ̀."

"Màmá."

"Kọ ibi tó ti kà á. Kọ déètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ pé èmi ni mo dá a lóhùn."

Elkanah kọ ọ́.

*

Wọ́n tú Abdulkabir sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ó jáde pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú, nítorí wọ́n ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì rí i mọ́. Ikùn tí Hùmúàní fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Hùmúàní kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ méjèèjì ké. Abdulkabir sáré dì í mú lápá.

"Màmá, ẹ dìde. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún mi, ẹ má kó ti èyí kún un."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fúrúùtù. Hùmúàní sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ikùn títí dé Ṣàgámù. Kò fi àwàdà bo ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó wá ní kó ka ti Tọ́sìdeè fún òun. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní àhámọ́ ń sọ pé ó kọ ọ́ dáadáa, òun kò sì mọ̀wé kà.

"Abdulkabir, má jẹ́ kí n kà á."

"Ẹ kà á, Màmá. Nípa tèmi lẹ kọ ọ́."

Ó kà á. Ológbò ló ń ṣọ́ ẹja. Ó ka ibi tó ti kọ ọ́ pé ọmọ Sókótó yìí ti fi ọdún mẹ́fà dọdẹ ẹran kan ṣoṣo. Ó ka ibi tó ti ní kí àwọn èèyàn wo ikùn rẹ̀ dáadáa nínú fọ́tò, bóyá bátìrì kan ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó ń kọ èyí, ẹ̀rín ti pa á títí ó fi tọ̀ sára díẹ̀. Bó ṣe ń kà á lónìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta, kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kan, nítorí ọkùnrin náà tẹ́tí bí ọmọ ilé kéwú.

Ó kà á tán.

"Jẹ́bbá ni mo ti wá," ni Abdulkabir wí. "Kì í ṣe Sókótó."

Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé àwọn tó ń fẹ́ ọmọ òun ní Ìlọrin ti rí fọ́tò náà lórí Wásáàpù láti Fúráìdeè. Nìkáà ìgbéyàwó wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá ọkọ ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣì fi nǹkan sílẹ̀ ná. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ròyìn ẹlòmíràn.

"Èèyàn mélòó ló ti kà á, Màmá?"

Hùmúàní mọ iye náà lórí. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé."

"Ta ló máa ka ti òní fún wọn?"

Hùmúàní ní òun yóò pa ti Tọ́sìdeè rẹ́, òun yóò kọ òmíràn lónìí gan-an, òun kò ní dúró de Mọ́ńdè, òun yóò sì pe Ìlọrin fúnra òun, òun yóò lọ síbẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Abdulkabir ní ó dára. Kò sọ bóyá ó gbà á gbọ́. Ó dé fìlà, ó di ṣòkòtò mú, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì kọjá lọ sí ibùdókọ̀.

Ibẹ̀ ni Hùmúàní ti rí i. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́sẹ̀ fi ìgúnpá gún ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n wo Abdulkabir, wọ́n sọ̀rọ̀ sínú ọwọ́. Ọ̀kan mú fóònù jáde. Ọkùnrin náà fa fìlà bojú, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Hùmúàní dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, ìdí rẹ̀ kò sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó di ọwọ́ tó mú fóònù náà mú.

"Ọmọ mi, bàbá yẹn kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo kọ ọ́. Irọ́ ni mo kọ."

Obìnrin náà wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ lọ sinmi nílé. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnì kejì ń rẹ́rìn-ín.

Hùmúàní yíjú sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.